Ìṣípòpadà Fáìlì nínú Àká-Iṣẹ́

Bí àgbẹ̀ bá kó àgbàdo láti inú àká kan sí òmíràn, kò sí ẹni tí yóò sọ pé àgbàdo náà di tuntun. Nínú àká-iṣẹ́ àwọn tí ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni a ń kó fáìlì pamọ́ sí, pẹ̀lú àkọsílẹ̀ gbogbo àtúnṣe tí a ti ṣe sí i, ẹni tí ó ṣe é àti ọjọ́ tí ó ṣe é. Àkọsílẹ̀ yìí ni ìtàn fáìlì. Bí iṣẹ́ bá ń gbòòrò, dandan ni kí a tún àwọn àpò-fáìlì tò, níbẹ̀ gan-an ni olùtúmọ̀ sì ti ń ṣi ọ̀rọ̀ lò.

'Ìṣípòpadà' ni ó kọ́kọ́ ń wá síni lẹ́nu. Ṣùgbọ́n nínú CVS, tí Dick Grune bẹ̀rẹ̀ ní 1986, kò sí ohun tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó fẹ́ gbé fáìlì ní láti yọ ọ́ kúrò níbi tí ó wà, kí ó sì fi í kún ibòmíràn bí ọmọ tuntun. Ìtàn rẹ̀ a sì já. Àwọn mìíràn a wọ inú àká lọ fi ọwọ́ gbé fáìlì ìtàn náà. Ìtàn kò já o, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá béèrè ẹ̀dà àtijọ́ yóò bá fáìlì nínú àpò tí kò tíì sí nígbà náà. Irọ́ gbáà!

Subversion, tí ẹ̀dà 1.0 rẹ̀ jáde ní 2004, ń da fáìlì kọ síbi tuntun, ó ń kọ orísun rẹ̀ sílẹ̀, kí ó tó yọ ti àtijọ́ kúrò. 'Àdàkọ' bá èyí mu.

Ti Git ni ó le jù. Linus Torvalds ṣe é ní 2005, kì í sì í kọ ìṣípòpadà sílẹ̀ rárá. Bí iṣẹ́ ṣe rí ní àsìkò kọ̀ọ̀kan ni ó ń pa mọ́. Bí a bá béèrè ìtàn, a máa fi fáìlì tí ó pòórá wé èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọjú. Bí ìjọra wọn bá tó 50%, a gbà pé ọ̀kan náà ni wọ́n, àfi bí olùlò bá yan ìwọ̀n mìíràn. Ìfojúdá ni èyí. Olùkọ́ tí ó bá ní Git 'ń rántí' ìṣípòpadà ti ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà: yóò gbé fáìlì, yóò sì tún ọ̀pọ̀ inú rẹ̀ kọ lẹ́ẹ̀kan náà, ìjọra yóò dín, ipa ìtàn yóò sì pa rẹ́ mọ́ ọn lójú. 'Ìdámọ̀ ìṣípòpadà' ni ó yẹ kí ìwé ìkọ́ni lò fún Git, kí ó sì sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé kí ó kọ́kọ́ gbé fáìlì, kí ó fi ìyẹn sínú àká lọ́tọ̀, kí ó tó fọwọ́ kan ohun tí ó wà nínú rẹ̀.