Ta Ló Ń Dá Ọjọ́ fún Líìgì Wa?

Bí ẹ bá wọ ilé ìwòran bọ́ọ̀lù èyíkéyìí ní Ìkọ̀tún tàbí Ẹ̀gbẹ́dá lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé, ẹ ó bá àwọn ọ̀dọ́ tó lè sọ fún yín, láìwo ìwé, iye ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó ṣẹ́kù fún Arsenal tàbí Manchester United kí sáà tó parí. Wọ́n mọ ọjọ́ tí líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì mọ ọjọ́ tí yóò kásẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn ọ̀dọ́ kan náà léèrè ọjọ́ tí líìgì àgbà ti Nàìjíríà, èyí tí a mọ̀ sí NPFL, yóò parí. Ẹnu wọn á wọhò.

Ẹ má ṣe dá wọn lẹ́bi. Láti ọdún 2018 títí di 2023, sáà mẹ́fà ni wọ́n gbá ní líìgì náà. Mẹ́rin nínú wọn ni kò pé ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 38 tí a mọ̀ mọ́ ọn. Ọ̀kan dúró sí 24. Ọ̀kan jẹ́ 22. Ọ̀kan dá dúró lẹ́yìn nǹkan bíi 25. Ọ̀kan sì jẹ́ 18 péré kí ìpele àṣekágbá tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ń wò ó láti òkèèrè lè rò pé ńṣe ni ẹnì kan jókòó sínú ọ́fíìsì tó ń mú iye tó bá wù ú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun mẹ́rin ló ń pinnu bí sáà bọ́ọ̀lù ṣe ń gùn tó: ìṣirò, kàlẹ́ńdà, ìrìn àjò pẹ̀lú ojú ọjọ́, àti owó. Mo fẹ́ kí á yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí pé oúnjẹ òòjọ́ àwọn kan wà nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ìṣirò ni ìpìlẹ̀

Bí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù 20 bá wà nínú líìgì, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní alátakò 19. Yóò gba alátakò kọ̀ọ̀kan lálejò lẹ́ẹ̀kan, yóò sì lọ bá a nílé lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀nà méjì 19 jẹ́ 38. Ìdí nìyí tí iye náà fi bára mu ní Nàìjíríà àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ẹgbẹ́ 22 wà nínú Premier League ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 42 ni wọ́n ń gbá. Ọdún 1995 ni wọ́n dín ẹgbẹ́ kù sí 20, tí 42 sì di 38.

Ìṣirò yìí kan náà ló bí sáà tó gùn jù nínú eré ìdárayá ńlá ti Amẹ́ríkà, ìyẹn baseball, eré tí wọ́n ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù kékeré. Láti ọdún 1904 ni wọ́n ti sọ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 154 di àṣà. Ẹgbẹ́ mẹ́jọ ló wà nínú líìgì kọ̀ọ̀kan nígbà náà. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní alátakò méje, ó sì ń pàdé ọ̀kọ̀ọ̀kan nígbà 22. Nígbà tó di ọdún 1961, ọ̀kan nínú líìgì méjèèjì fi ẹgbẹ́ méjì kún tirẹ̀. Alátakò di mẹ́sàn-án, ìpàdé di 18, àròpọ̀ rẹ̀ sì di 162. Líìgì kejì tẹ̀ lé e ní ọdún 1962.

Ohun tó yà mí lẹ́nu níbẹ̀ ni èyí: ẹgbẹ́ 30 ló wà nínú baseball Amẹ́ríkà lónìí, ìṣirò ọdún 1961 kò sì bá iye yẹn mu mọ́. Síbẹ̀ 162 ni wọ́n ṣì ń gbá. Ìṣirò ló bí iye náà, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló ń tọ́ ọ mọ́. Owó tíkẹ́ẹ̀tì, owó tẹlifíṣọ̀n àti àdéhùn tí àwọn tó ni ẹgbẹ́ bá àwọn eléré wọn ṣe ló dì í mú títí dòní.

Kàlẹ́ńdà ní ẹni tó ni ín

Ẹ jẹ́ kí á padà sílé. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 38, bí a bá ń gbá ọ̀kan lọ́sẹ̀, yóò gba ọ̀sẹ̀ 38. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó oṣù mẹ́sàn-án. Àwọn elére baseball lè gbá ìdíje lójoojúmọ́ nítorí pé eré wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ gba ìsáré àsáàdákẹ́. Ẹni tó bá fi àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú sáré lórí pápá bọ́ọ̀lù nílò ọjọ́ mélòó kan kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó padà bọ̀ sípò. Nítorí náà, bí líìgì bá pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀, kò sí ọgbọ́n tí a lè fi sáré bá a.

Ẹni tó ni ọjọ́ ìparí kì í sì í ṣe Nàìjíríà nìkan. Àjọ CAF tó ń darí bọ́ọ̀lù nílẹ̀ Áfíríkà gbọ́dọ̀ gba orúkọ àwọn ẹgbẹ́ tí yóò ṣojú wa kí ìdíje rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2017, CAF pinnu pé ìdíje àwọn ẹgbẹ́ ilẹ̀ Áfíríkà yóò máa bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹjọ, yóò sì máa parí ní oṣù Karùn-ún ọdún tó tẹ̀ lé e. Gbogbo orílẹ̀-èdè ní láti tún kàlẹ́ńdà wọn tò.

Àárín ìyípadà yẹn ni wàhálà ti bá wa. Ní ọdún 2018, líìgì wa sinmi fún Ife Àgbáyé ní Rọ́ṣíà lẹ́yìn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 24. Kò padà bọ̀ mọ́, nítorí pé ìjà ipò bẹ́ sílẹ̀ ní àjọ NFF. Wọ́n fòpin sí sáà náà níbi tó dé, wọ́n sì fi Lobi Stars ti Makurdi, tó wà lókè tábìlì, ṣe aṣojú Nàìjíríà. Ẹgbẹ́ kankan kò já sí ìpele ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ mẹ́rin gòkè wá láti ìsàlẹ̀, líìgì sì di ti ẹgbẹ́ 24.

Ẹ wo ohun tí ìyẹn fà. Ẹgbẹ́ 24 túmọ̀ sí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 46 fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ oṣù Kìíní ọdún 2019 ni sáà tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Kò ṣeé ṣe. Wọ́n pín àwọn ẹgbẹ́ sí ọ̀nà méjì, méjìlá méjìlá, kálukú gbá 22, ẹgbẹ́ mẹ́ta tó lékè ní ìhà kọ̀ọ̀kan sì wá pàdé nínú ìpele àṣekágbá tí wọ́n pè ní Super Six. Pápá ìṣeré Agége ni wọ́n ti gbá a ní oṣù Kẹfà, kò jìnnà sí àwa ará Alímọ̀ṣọ́ rárá. Enyimba ti Aba ló gba ife-ẹ̀yẹ. Sáà kúkúrú kan ti bí sáà kúkúrú mìíràn.

Ní oṣù Kẹta ọdún 2020, àrùn Kòrónà dá líìgì dúró. Wọ́n pín póìǹtì ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sí iye ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó ti gbá, wọ́n sì fi ìyẹn to tábìlì. Plateau United ló wà lókè. Sáà méjì tó tẹ̀ lé e pé 38. Lẹ́yìn náà ni NFF fi ìgbìmọ̀ fìdíhẹẹ́ tí Gbenga Elegbeleye jẹ́ alága rẹ̀ rọ́pò ilé iṣẹ́ tó ń darí líìgì. Oṣù Kìíní ọdún 2023 ni bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Láti ìgbà yẹn dé oṣù Kẹfà, ọ̀sẹ̀ méjìlélógún péré ló wà. Ìdí nìyí tó fi di ìsọ̀rí méjì, mẹ́wàá mẹ́wàá, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 18, pẹ̀lú Super Six ní Oníkàn.

Ojú ọ̀nà àti ojú ọjọ́

Ẹnì kan lè béèrè pé kí ló dé tí a kì í gbá bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ títí tí yóò fi pé. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà wa kò ní béèrè. Ní sáà 2024/25, Ikorodu City ti Èkó àti El-Kanemi Warriors ti Maiduguri wà nínú líìgì kan náà. Ọ̀nà tó wà láàárín ìlú méjèèjì ju ẹgbẹ̀rún kìlómítà lọ, ọkọ̀ bọ́ọ̀sì ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ sì ń wọ̀. Ọ̀rọ̀ ààbò tún wà níbẹ̀, tí kì í jẹ́ kí èèyàn rìn lóru. Ẹgbẹ́ tó bá gbá bọ́ọ̀lù ní ọjọ́ Sọ́ńdè lè ṣì wà lójú ọ̀nà ní ọjọ́ Túsìdeè.

Òjò náà kò gbẹ́yìn. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba ọ̀nà Ìgàndó sí Ìkọ̀tún nínú oṣù Kẹfà mọ ohun tí mò ń sọ. Omi tó ń dá ọkọ̀ dúró lójú títì kò ní fojú rere wo pápá tí kò ní ibi tí omi ń gbà ṣàn lọ. Ọ̀pọ̀ pápá wa ni kò sì ní iná ńlá tí a lè fi gbá bọ́ọ̀lù lálẹ́, nítorí náà ìrọ̀lẹ́ nìkan ló wà, ìrọ̀lẹ́ gan-an ni òjò sì máa ń fẹ́ràn.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà

Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ohun tó wà lẹ́yìn iye ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ni owó oṣù.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan, tó ń gbé ní Ìgàndó, gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ kan tí n kò ní dárúkọ. Ìwé àdéhùn rẹ̀ sọ pé wọn yóò máa san owó oṣù fún un “títí sáà yóò fi parí.” Gbólóhùn yẹn dùn ún gbọ́ nígbà tó ń fọwọ́ sí i, nítorí pé oṣù mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá ló ní lọ́kàn. Ní ọdún tí wọ́n gé sáà kúrú, oṣù márùn-ún ló rí gbà. Owó àjẹmọ́nú tí wọ́n ń fún wọn bí wọ́n bá borí náà dúró. Ìyàwó rẹ̀ wà nínú oyún oṣù keje, owó ilé sì ti tó san. Ó jókòó sí pálọ̀ mi ní ọjọ́ kan, ó ní, “Àǹtí, ẹ bá mi wò ó. Mi ò ṣe nǹkan kan tó burú. N kò fara pa, akọ́nimọ̀ọ́gbá kò lé mi. Sáà ló tán.” N kò rí èsì fún un. Ọkọ̀ akérò ló fi bọ́ ìdílé rẹ̀ fún oṣù mẹ́rin.

Àwọn elére baseball Amẹ́ríkà mọ̀ pé iye ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ni owó wọn, wọ́n sì ní ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tó lágbára. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1994, wọ́n da iṣẹ́ sílẹ̀, débi pé ìdíje àṣekágbá wọn kò wáyé lọ́dún náà. Nígbà tí Kòrónà dé ní ọdún 2020, wọ́n fohùn ṣọ̀kan pé iye ìdíje tí a bá gbá ni a ó fi ṣírò owó ọdún. Ọ̀rọ̀ wá di àríyànjiyàn lórí òǹkà. Àwọn eléré dábàá 114, àwọn tó ni ẹgbẹ́ fẹ́ iye tó kéré sí i. Ìdíje 60 ni wọ́n gbá nígbẹ̀yìn. Inú ọ̀pọ̀ eléré kò dùn sí i, ṣùgbọ́n ó kéré tán, wọ́n gbọ́ ohùn wọn kí wọ́n tó mú iye náà.

Ta ni sáà kúkúrú ń ṣojúure sí?

Ọ̀rọ̀ kò mọ sórí owó. Sáà gígùn máa ń fi ẹni tó dára jù hàn, nítorí pé oríire ọjọ́ kan kò lè gbé ẹgbẹ́ gba ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 38 kọjá. Ẹ wo Remo Stars ti Ìkẹ́nnẹ́. Ní ọdún 2023, póìǹtì kan náà ni òun àti Enyimba ní nígbà tí Super Six parí. Góòlù ni wọ́n fi yà wọ́n, Enyimba sì gba ife. Enyimba kò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Ohun tí wọ́n gbé síwájú wọn ni wọ́n gbá. Ṣùgbọ́n nígbà tí líìgì padà sí 38, Remo Stars ṣe ipò kejì ní sáà àkọ́kọ́. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, wọ́n gba ife náà fún ìgbà àkọ́kọ́ nígbà tí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta ṣì ṣẹ́kù. Kò sẹ́ni tó nílò láti ka góòlù.

Èrò tèmi ni pé kò pọn dandan kí sáà gùn ju bó ṣe yẹ lọ. Bí 38 bá pọ̀ jù fún ọ̀nà àti òjò wa, a lè dín ẹgbẹ́ kù, bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ṣe. Ohun tó ṣe pàtàkì ni kí a kéde iye ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àti ọjọ́ ìparí kí sáà tó bẹ̀rẹ̀, kí aṣojú àwọn agbábọ́ọ̀lù sì wà níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìpinnu náà.

Ní ti ẹ̀yin òǹkàwé tí ẹ ní ọmọ, àbúrò tàbí ọkọ tó fẹ́ fi bọ́ọ̀lù jẹun, ẹ bi ẹgbẹ́ ní ìbéèrè mẹ́ta kí ó tó fọwọ́ síwèé. Ṣé oṣù àti ọjọ́ ni àdéhùn náà dárúkọ, àbí “ìparí sáà” nìkan? Bí wọ́n bá gé sáà kúrú, ta ni yóò san owó oṣù tó ṣẹ́kù? Bí ìdíje bá dá dúró fún ìgbà díẹ̀, ṣé owó náà yóò dúró? Kí ẹ sì rí i pé wọ́n kọ ìdáhùn náà sínú ìwé. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti rí ẹgbẹ́ mìíràn báyìí. Oṣù mẹ́wàá ni wọ́n kọ sínú àdéhùn rẹ̀, ní òǹkà àti ní ọ̀rọ̀. Èmi náà ka ìwé ọ̀hún lẹ́ẹ̀mejì kó tó gbé bíírò.