Fẹ́ńdà Inú Ọkọ̀ Àtijọ́: Ẹran àti Egungun

Ẹni tí ó bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, tí ó sì wo òkè táyà, yóò rí páànù kan tí ó tẹ̀ bí ààbọ̀ igbá, tí ó bo ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà láti inú. Páànù yìí ni àwọn pánẹ́bítà wa ń pè ní fẹ́ńdà inú, kí wọ́n lè fi ìyàtọ̀ sí àárín rẹ̀ àti fẹ́ńdà òde tí ọ̀dà dídán wà lára rẹ̀. Ohun tí a fẹ́ ṣàlàyé nínú àpilẹ̀kọ yìí ni bí a ṣe ń ṣe fẹ́ńdà inú tuntun fún ọkọ̀ àtijọ́ nígbà tí àyè kò bá gba táyà mọ́, àti ìdí tí orúkọ kan ṣoṣo tí a fún páànù yìí fi lè ṣi ọmọ iṣẹ́ lọ́nà, kí ó sì fi ẹ̀mí ẹlòmíràn wéwu.

Kí ni ó ń mú kí àyè há? Táyà tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fojú sùn nígbà tí wọ́n ń ṣe àwọn ọkọ̀ ayé ìjọun. Ẹ jẹ́ kí á mú Peugeot 504, tí ó kọ́kọ́ jáde ní 1968, ṣe àpẹẹrẹ. Rímù oní-íǹṣì 14 ni ó ń lò, táyà rẹ̀ sì jẹ́ 175. Ẹni tí ó ni irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lónìí sábàá máa ń fẹ́ táyà tí ó fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, yálà nítorí kí ọkọ̀ lè dúró dáadáa lójú títì, tàbí nítorí pé ohun tí ó bá lọ́jà nìyẹn. Fífẹ̀ táyà 175 R 14 jẹ́ mìlímítà 175. Gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ìdá 82 nínú ọgọ́rùn-ún fífẹ̀ náà, èyí tí í ṣe mìlímítà 143.5. Bí a bá wá mú táyà 205/70 R 14, ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún 205 náà jẹ́ 143.5. Gíga táyà méjèèjì dọ́gba. Ẹni tí ó bá fi wọ́n ti ara wọn, tí ó wò wọ́n láti ẹ̀gbẹ́, yóò sọ pé ọgbọọgba ni wọ́n. Bẹ́ẹ̀ èkejì fi mìlímítà 30 fẹ̀ ju èkíní lọ. Bí rímù bá pín in dọ́gba, mìlímítà 15 yóò yọ sí òde, 15 yóò sì yọ sí inú, níbi tí ojú kì í dé.

Táyà tí ó ń ha irin kì í tètè pariwo. Bí ọkọ̀ bá ṣófo, tí ó ń lọ tààrà, kò sí ohun tí a ó gbọ́. Ìgbà tí èrò bá kún inú rẹ̀, tí awakọ̀ ń yà, tí ẹsẹ̀ kan sì ko kòtò, ni irin àti rọ́bà ń pàdé. Ẹ̀gbẹ́ táyà ni wọ́n ti ń pàdé lọ́pọ̀ ìgbà, ibẹ̀ náà sì ni rọ́bà ti fẹ́lẹ́ jù. Ohun tí ó ń gé e díẹ̀díẹ̀ láti oṣù yìí dé oṣù tí ń bọ̀ lè jẹ́ kí ó bẹ́ lójijì lórí eré.

Èyí ni ó ń mú kí àwọn ènìyàn gbé ọkọ̀ lọ bá pánẹ́bítà pé kí ó gé fẹ́ńdà inú. Èmi tí mò ń kọ̀wé yìí ṣe bẹ́ẹ̀. 504 kan wà tí baba mi fi sílẹ̀. Mo ra táyà 205 sí i, ó sì ń ha. Oníṣẹ́ tí mo kọ́kọ́ gbé e fún gé páànù ọwọ́ ọ̀tún iwájú títí dé ẹ̀bá orí ṣọ́ọ̀kù, ó fi páànù fẹ́lẹ́ kan dí i, ó sì kun ún. Iṣẹ́ náà wuyì lójú. Kò pé oṣù mẹ́ta tí bọ́nẹ́ẹ̀tì kò fi pa dé dáadáa mọ́, ọkọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà sí ọ̀tún. Bàbá pánẹ́bítà kan ní Ìbàdàn ni ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i, tí ó mi orí.

Ó ní, “Tíṣà, ẹran ni ẹ rò pé wọ́n gé. Egungun ni wọ́n gé.”

Mo ní, “Bàbá, ṣebí fẹ́ńdà inú náà ni?”

Ó ní, “Fẹ́ńdà inú ni. Ṣùgbọ́n fẹ́ńdà inú ti ọkọ̀ yín yìí, òun ni ó ń gbé ọkọ̀.”

Ọ̀rọ̀ bàbá yìí ni kókó ohun tí a ní í sọ. Ní ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ Peugeot ní Kàdúná. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Volkswagen lójú ọ̀nà Àgbádárìgì ní Èkó. Ojú títì kan náà ni àwọn méjèèjì jọ ń rìn, ṣùgbọ́n ìṣẹ̀dá wọn yàtọ̀ gédégédé. Volkswagen tí a mọ̀ sí ìjàpá ní ìsàlẹ̀ irin tí ó lè dá dúró. Irin ìsàlẹ̀ yìí ni ó ń gba ẹrù ẹsẹ̀ iwájú, bóòtù ni wọ́n sì fi de àwọn fẹ́ńdà mọ́ ara. Ẹni tí ó bá tú fẹ́ńdà rẹ̀ dànù lè wa ọkọ̀ náà lọ sílé. Ẹrẹ̀ ni yóò kàn ta bò ó. Ti 504 kò rí bẹ́ẹ̀. Kò ní ṣaasí ọ̀tọ̀. Ara ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ni ṣaasí. Sípíríǹgì àti ṣọ́ọ̀kù iwájú rẹ̀ para pọ̀ di ọ̀pá kan ṣoṣo tí ó nàró, orí ọ̀pá náà ni a sì fi bóòtù dè mọ́ òkè fẹ́ńdà inú. Gbogbo kòtò tí ẹsẹ̀ bá kó, ibẹ̀ ni ó ń kan.

Ní Amẹ́ríkà, níbi tí iṣẹ́ títún ọkọ̀ àtijọ́ ṣe ti gbilẹ̀ gan-an, irú ìyàtọ̀ kan náà wà láàárín Chevrolet ọdún 1955 sí 1957, tí bóòtù de fẹ́ńdà inú rẹ̀, àti Mustang àkọ́kọ́ ti ọdún 1964, tí sípíríǹgì rẹ̀ fi orí ti ilé-ìṣọ́ irin kan nínú fẹ́ńdà inú. Ẹni tí ó bá fẹ́ gé ilé-ìṣọ́ yẹn ní láti kọ́kọ́ pààrọ̀ gbogbo ètò ẹsẹ̀ iwájú. Kí á má sì rò pé orúkọ tàbí ìrísí ọkọ̀ tó láti fi dá a mọ̀. Nínú ọ̀wọ́ ìjàpá náà, èyí tí wọ́n pè ní 1302 àti 1303 ní irú ọ̀pá tí 504 ní, ó sì fi orí ti ara ọkọ̀ láti inú. Ìjàpá ni wọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ṣe wọ́n bí ìjàpá ìṣáájú yóò kábàámọ̀.

Nítorí náà, a dábàá pé kí á pe ọ̀kan ní fẹ́ńdà adènà-ẹrẹ̀, kí á sì pe èkejì ní fẹ́ńdà agbẹ́rù. Ẹnì kan lè bi wá pé kí ni a fi ẹran àti egungun tí bàbá náà lò ṣe. A kò kọ̀ ọ́. Ó kàn jẹ́ pé ẹran àti egungun ń sọ ohun tí a lè fi ọ̀bẹ kàn, nígbà tí àwọn orúkọ tí a dábàá ń sọ iṣẹ́ tí páànù ń ṣe, àti pé iṣẹ́ náà ni ọmọ iṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀. (Ẹni tí agbẹ́rù bá rán létí agbèrò kò jẹ̀bi.)

Bí fẹ́ńdà bá jẹ́ agbẹ́rù, ìmọ̀ràn wa ni pé kí a má gé e rárá ní àyíká orí ṣọ́ọ̀kù àti níbi tí ó ti so mọ́ irin gígùn ìsàlẹ̀. Ẹ mú páálí ìṣáná, ẹ fa àpótí inú rẹ̀ yọ, kí ẹ fi ìka tẹ èèpo òde. Yóò gbìyànjú láti dúró. Ẹ wá fi abẹ ya ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Yóò wó lulẹ̀ bí ewé. Páálí kò dín kù, pípadé ni kò padé mọ́. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni irin oníhò inú ara ọkọ̀. Nínú 504, gígé náà kò tilẹ̀ fi bẹ́ẹ̀ wúlò, nítorí pé ọ̀pá ṣọ́ọ̀kù wà láàárín táyà àti páànù; táyà tí ó fẹ̀ jù lè máa ha ọ̀pá yẹn, kò sì sí fẹ́ńdà tí a lè gé tí yóò tún un ṣe. Rímù tí ó ti táyà sí òde díẹ̀, tàbí táyà tí ó tẹ́ẹ́rẹ́, ni oògùn rẹ̀. Táyà 175 ni mo padà sí.

Fẹ́ńdà adènà-ẹrẹ̀ ni a lè ṣe tuntun láìbẹ̀rù. Ohun àkọ́kọ́ ni wíwọ̀n, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe, nítorí pé orí ìdúró ni wọ́n ti ń wọn ọkọ̀. Ó yẹ kí a yọ sípíríǹgì kúrò, kí a gbé ọkọ̀ lé ohun tí ó dúró gbọn-in, kí a so táyà tí a fẹ́ lò mọ́ ọn, kí a sì fi jáàkì gbé ẹsẹ̀ náà sókè títí yóò fi kan rọ́bà tí ó ń dá a dúró. Níbẹ̀ ni a ó ti yí ọwọ́ ọkọ̀ dé òpin ní ọ̀tún àti ní òsì. Ibi tí táyà bá dé nígbà náà ni ààlà rẹ̀. Ìbú ìka méjì ni mo máa ń fẹ́ kí ó kù lẹ́yìn èyí, nítorí ẹrẹ̀ a máa lẹ̀ mọ́ páànù, rọ́bà inú ẹsẹ̀ ọkọ̀ a sì máa fà.

Lẹ́yìn èyí ni a ó fi páálí gé àwòṣe. Bí aṣọ ni ọ̀rọ̀ náà rí: páànù pẹlẹbẹ a máa tẹ̀ sí ọ̀nà kan pẹ̀lú ìrọ̀rùn, ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ kí ó tẹ̀ sí ọ̀nà méjì lẹ́ẹ̀kan náà, yálà kí a fi òòlù nà án lórí àpò yanrìn, tàbí kí a gé e ní ṣóńṣó kí a sì jó o pọ̀, bí télọ̀ ti ń ṣe níbi àyà bùbá tí ó fún. Irin tí ó nípọn tó mìlímítà kan ni ó dára. Páànù òrùlé tí a fi síńkì bò kò yẹ. Èéfín síńkì a máa kó ibà bá ajórin. A ó lu ìlà gbọọrọ méjì tàbí mẹ́ta sí ara páànù náà kí ó má baà máa gbọ̀n.

Bí a bá fẹ́ jó o, ẹ̀ka-ń-tò ni, kì í ṣe àjókanlẹ̀. Gáàsì tí àwọn oníṣẹ́ wa ń fi kábáìdì àti omi pèsè a máa tan ooru káàkiri, páànù tí ó bá sì gbóná lójú kan yóò ká kò. A ó jó ojú kan, a ó bọ́ sí òdìkejì, a ó jẹ́ kí ó tutù. Kí a tó tan iná, kí a ti yọ bátìrì, kí a sì ti sún okùn epo àti ti bíréèkì kúrò nítòsí.

Ohun kékeré kan wà tí a kì í kà sí: etí páànù kò gbọdọ̀ kọjú sí táyà. Ibi tí páànù méjì bá ti gun ara wọn, kí a ká etí náà sẹ́yìn. Bí ó bá jẹ́ bóòtù ni a lò, kí orí rẹ̀ tí ó yọ̀ kọjú sí táyà, kí ẹnu rẹ̀ tí ó mú wà lódì kejì. Kí a sì fi ọ̀nà sílẹ̀ fún omi láti ṣàn jáde, nítorí ibi tí omi bá sùn sí ni ìpáta ti ń bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí a bá ti dá sípíríǹgì padà, a ó fi ẹfun kun gbogbo inú fẹ́ńdà tuntun náà, a ó kó èrò márùn-ún sínú ọkọ̀, a ó sì wà á pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ káàkiri ibi tí ó ní gegele, ní yíyí ọwọ́ dé òpin. Ibi tí ẹfun bá ti hó, ibẹ̀ ni táyà ti kàn án. A ó tú u, a ó sì tún un lù. Bí ẹfun bá wà bí a ṣe fi í sílẹ̀, kí a fọ̀ ọ́ dànù, kí a sì kun ọ̀dà tí kì í jẹ́ kí irin dípàtà sí tinú tẹ̀yìn rẹ̀.