Ẹ̀tọ́ Ọmọ Aláàbọ̀ Ara: Ibo Ni Ìyá Yóò Ti Bẹ̀rẹ̀?

Ní ilé oníyàrá púpọ̀ kan ní Ajégúnlẹ̀ ni ìbéèrè yìí ti kọ́kọ́ bá mi. A ń lọ láti ojúlé dé ojúlé pẹ̀lú oògùn àjẹsára rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀. Ìyá kan gbé ọmọ ọwọ́ rẹ̀ jáde, a sì kán oògùn sí i lẹ́nu. Bí a ti ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ara ilẹ̀kùn, a gbọ́ igbe ọmọ mìíràn láti inú yàrá. Ìyá náà kọ́kọ́ sọ pé ọmọ aládùúgbò ni. Nígbà tó ṣe, ó ṣí ilẹ̀kùn. Ọmọkùnrin ọdún mẹ́fà ni. Kò lè dá jókòó, ọrùn rẹ̀ kò sì dúró, ṣùgbọ́n bó ti rí wa ni ó bú sẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ wò mí, ó ní, "Àǹtí, wọ́n ní ìjọba máa ń fún irú àwa yìí lówó. Ibo ni wọ́n ti ń gbà á?"

Mo fẹ́ dáhùn ìbéèrè náà bó ti yẹ, nítorí pé ọ̀pọ̀ òbí ní Ajégúnlẹ̀ àti Àpápá ni ó ń béèrè rẹ̀, àwọn oníjìbìtì sì ń fi ìdáhùn èké gba owó lọ́wọ́ wọn.

Ní orílẹ̀-èdè wa, kò sí owó oṣooṣù kan tí òfin là sílẹ̀ fún òbí nítorí pé ọmọ rẹ̀ jẹ́ aláàbọ̀ ara. Àwọn ẹbí wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù lè sọ ti ọ̀dọ̀ wọn fún wa: owó kan wà níbẹ̀ fún ọmọ aláàbọ̀ ara tí kò tíì pé ọdún 16, òmíràn sì wà fún ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀. Gúúsù Áfíríkà náà ní irú owó bẹ́ẹ̀. Ní tiwa, owó tí Ìjọba Àpapọ̀ kéde ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023, 25,000 náírà lóṣù fún oṣù mẹ́ta, àwọn ìdílé tálákà ni wọ́n là á sílẹ̀ fún. Ipò òṣì ìdílé ni wọ́n ń wò. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé òun yóò bá yín gba "owó ọmọ aláàbọ̀ ara" bí ẹ bá lè mú owó fọ́ọ̀mù wá, ẹ má dá a lóhùn.

Síbẹ̀, ọmọ yín ní ẹ̀tọ́ mìíràn tí ẹ lè béèrè fún. Ní ọdún 2011, ní àkókò Gómìnà Babátúndé Fáṣọlá, Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin fún àwọn akàndá ẹ̀dá. Òfin náà ni ó dá ilé-iṣẹ́ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí LASODA sílẹ̀, tó sì pàṣẹ pé kí àpò owó kan wà fún ọ̀rọ̀ wọn. Ní oṣù Kìíní ọdún 2019, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin ti gbogbo orílẹ̀-èdè. Gẹ́gẹ́ bí òfin yìí, aláàbọ̀ ara ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ títí dé ilé-ẹ̀kọ́ girama. Ẹni tí àìlera rẹ̀ jẹ́ ti ọpọlọ ní ẹ̀tọ́ sí ìtọ́jú ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwòsàn ìjọba. Níbi tí ènìyàn bá ti tò sórí ìlà, aláàbọ̀ ara ni kí a kọ́kọ́ dá lóhùn. Ẹni tó bá yà á sọ́tọ̀ nítorí ipò rẹ̀ lè san ìtanràn 100,000 náírà tàbí kí ó fi ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà jura. Bó bá jẹ́ ilé-iṣẹ́, mílíọ̀nù kan náírà ni.

Mo mọ ohun tí ẹ ó sọ: òfin wà nínú ìwé, ta ní ń mú un ṣẹ? Ọ̀rọ̀ yín kò jìnnà sí òtítọ́. Èmi náà ti tẹ̀lé ìyá kan lọ sí ọ́fíìsì kan rí. A jókòó láti aago mẹ́jọ títí di ọ̀sán, ọmọ ń sunkún lẹ́yìn rẹ̀, kí akọ̀wé tó wá sọ pé ìwé ìbí ọmọ kò sí níbẹ̀. Ilé agbẹ̀bí ni wọ́n ti bí ọmọ náà, kò sì sí ẹni tó sọ fún ìyá rẹ̀ pé kí ó lọ fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ọjọ́ odidi kan ṣòfò nítorí ìwé kan.

Ìwé ìbí ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, lọ́dọ̀ Àjọ Ètò Ìkànìyàn. Èyí tó tẹ̀lé e ni nọ́ḿbà ìdánimọ̀ tí a ń pè ní NIN. Ọmọ kékeré pàápàá lè gbà á, bí òbí rẹ̀ bá ti ní tirẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ọmọ lọ sí ilé-ìwòsàn ìjọba tó wà ní Ajérọ̀mí tàbí ti Àpápá, kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, kí ó sì kọ irú àìlera rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ béèrè fún àwọn òṣìṣẹ́ wẹ́fíà ilé-ìwòsàn náà, nítorí iṣẹ́ wọn ni láti tọ́ irú yín sọ́nà. Bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti egungun, wọ́n lè kọ̀wé fún yín lọ sí Igbóbì. Pẹ̀lú àwọn ìwé wọ̀nyí ni kí ẹ fi orúkọ ọmọ sílẹ̀ ní LASODA. Ẹ tún béèrè nípa ètò adójútòfò Ìlera Èkó, nítorí pé òfin rẹ̀ ti ọdún 2015 ya owó sọ́tọ̀ fún àwọn aláìní.

Ní ti ilé-ẹ̀kọ́, Modupe Cole wà ní Akọka fún àwọn ọmọ tí ara tàbí ọpọlọ wọn kò pé. Ti àwọn adití, Wesley, àti ti àwọn afọ́jú, Pacelli, wà ní Sùúrùlérè. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń gbé Àpápá mọ ohun tí ọkọ̀ tírélà lè fi ojú ọ̀nà ṣe. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ béèrè ní ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀ yín bóyá ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan nítòsí ní kíláàsì fún irú wọn.

Ohun tó mú kí ìyá yẹn ti ọmọ rẹ̀ mọ́lé ni ọ̀rọ̀ àwọn ará ilé, tí wọ́n ní àfọwọ́fà ni. Mo bi í léèrè bí ìbí ọmọ náà ti rí. Ó ní ojú rẹ̀ pọ́n bí ọ̀sẹ̀ ní ọjọ́ kẹta, wọ́n sì ní kí òun máa gbé e sí oòrùn àárọ̀. Ibà pọ́njú tó bá le, tí a kò tètè gbé ọmọ lọ sí ilé-ìwòsàn, lè ba ọpọlọ ọmọ tuntun jẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìrọbí tó pẹ́ jù, tí ọmọ kò sì ké nígbà tó dé ayé. Mo ṣàlàyé èyí fún un, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Mo tún sọ fún un pé bí ọmọ bẹ́ẹ̀ bá ti pẹ́ tó kí a tó máa na apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ bí àwọn onímọ̀ ti ń kọ́ni, bẹ́ẹ̀ ni oríkèé rẹ̀ yóò ti le tó.

Ó bi mí bóyá òun lè dá lọ béèrè kí òun tó gbé ọmọ náà jáde, nítorí ojú ènìyàn. Mo ní kí ó gbé e dání. Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e, ó pọ̀n ọ́n, ó gba iwájú ilé kọjá láàárín gbogbo wọn, ó sì wọ ọkọ̀ lọ sí ilé-ìwòsàn.