Ọlọ́run Tí Òye Kò Ká
Ọlọ́run tí òye wa bá ká tán, ère ni. Ara wa la ń wò nínú rẹ̀. Ohun tí Jean-Luc Marion, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ọmọ Faransé tí wọ́n bí ní 1946, kọ́ mi nìyẹn nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1982. Ó ní àwọn nǹkan kan ń fi ara wọn hàn wá kọjá ohun tí èrò lè gbà.

Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kan wà ní Manchester níbí: ilé ìkówèésí John Rylands ní Deansgate ni wọ́n tọ́jú àjákù Ìhìn Rere Jòhánù kan sí, tí kò tó àtẹ́lẹwọ́. Ọ̀rọ̀ Jésù pẹ̀lú Pílátù ló wà lára rẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé ti wọn gígùn rẹ̀, wọ́n ti ka Gíríìkì rẹ̀, síbẹ̀ ohun tó ń bá mi sọ kò tán. Ẹ̀yin Kristẹni tí ẹ̀rù ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ń bà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka Marion.