Berlin sí Hamburg: Ogún Ìṣẹ́jú Tó Ń Di Wákàtí Mẹ́rin

Bí wọ́n bá na okùn láti pápákọ̀ òfurufú Berlin dé ti Hamburg ní Jámánì, okùn náà yóò gùn tó nǹkan bí 274 kìlómítà. Ó fi díẹ̀ ju Èkó sí Ìlọrin lọ. Bàálù tó ń sá eré 800 kìlómítà ní wákàtí kan yóò rìn ín tán láàárín bí ogún ìṣẹ́jú. Ìṣirò orí ìwé nìyẹn. Ẹni tó bá lọ béèrè tíkẹ́ẹ̀tì bàálù tó lọ tààrà kò ní rí i rà: wọn á gbé e gba Frankfurt tàbí Munich, bí èrò Ìlọrin tí wọ́n ní kó kọ́kọ́ yà ní Kánò.

Ogún ìṣẹ́jú yẹn gan-an, ẹ̀tàn wà nínú rẹ̀. Bàálù á kọ́kọ́ fẹsẹ̀ rìn lórí ọ̀dà kó tó dé ibi tí yóò ti gbéra, á pọ́nkè díẹ̀díẹ̀, á sì yípo kó lè kọjú sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀ kó tó balẹ̀. Nígbà tí ọ̀nà bá kúrú báyìí, kò ní tíì gbádùn eré tí awakọ̀ á ti máa rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ogún á di bí àádọ́ta.

Ti ilẹ̀ ló le jù. Láti àárín Berlin dé pápákọ̀, ó tó ìdajì wákàtí nínú ọkọ̀ ojúurin. Àyẹ̀wò ẹrù àti ìdúró lè gba wákàtí méjì. Ní Hamburg, ọkọ̀ ojúurin S1 ló so pápákọ̀ mọ́ ìgboro, ó sì ní ìwà tirẹ̀: bí èèyàn bá ń ti ìgboro bọ̀, tó bá dé ibùdó Ohlsdorf, ọkọ̀ náà á já sí méjì. Ti iwájú á lọ sí pápákọ̀, ti ẹ̀yìn á gba Poppenbüttel. Àlejò tó jókòó sẹ́yìn, tó gbé àpótí sáàárín ẹsẹ̀, tó tẹjú mọ́ fóònù, á kàn rí i pé òun ti bá àwọn ará àdúgbò lọ sílé wọn.

Ìgbà kan wà tí bàálù ṣe gudugudu méje láàárín ìlú méjèèjì. Ní 1948, nígbà tí ìjọba Soviet dí ọ̀nà ilẹ̀ mọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Berlin, bàálù Gẹ̀ẹ́sì tó ń léfòó lórí omi máa ń gbéra lórí odò Elbe ní Hamburg, á lọ balẹ̀ sórí odò Havel ní Berlin. Iyọ̀ wà nínú ẹrù wọn, torí pé wọ́n ti fi ohun tí iyọ̀ òkun kò lè tètè jẹ kun ara bàálù náà. Lẹ́yìn náà, bàálù Amẹ́ríkà, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé nìkan ni wọ́n gbà láyè ní Ìwọ̀-Oòrùn Berlin. Lufthansa, ilé-iṣẹ́ bàálù Jámánì tó jẹ́ ọmọ onílẹ̀, kò padà dé Berlin àfi ní 1990.

Ọkọ̀ ojúurin kò sùn ní tirẹ̀. Ní 1933, ọ̀kan tí wọ́n ń pè ní Fliegender Hamburger, ìyẹn ará Hamburg tó ń fò, ń rin ọ̀nà yìí ní ìṣẹ́jú 138. Ọkọ̀ ilẹ̀ ló kúkú ń jẹ́ orúkọ ẹyẹ! Láti 2004 ni wọ́n ti tún irin ṣe kí ọkọ̀ lè sáré dé 230 kìlómítà ní wákàtí kan, ìrìn náà sì wálẹ̀ sí bíi wákàtí kan àbọ̀ sí ìṣẹ́jú 105.

Ní oṣù Kẹjọ 2025, wọ́n ti ọ̀nà irin náà pa fún àtúnṣe, wọ́n sì darí ọkọ̀ gba Stendal àti Uelzen. Ìyẹn fi bí ìṣẹ́jú 45 kún ìrìn. Síbẹ̀, lásìkò àtúnṣe yẹn, ẹni tó wọkọ̀ ní Berlin láago mẹ́jọ àárọ̀ á ti máa wo Hamburg lọ́ọ̀ọ́kán láago mẹ́wàá àbọ̀. Ká ní bàálù wà, ẹni tó fẹ́ wọ̀ ọ́ á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa so bẹ́líìtì mọ́ ìdí ni.