Erékùṣù Èkó, Ìlú Tí Omi Jẹ́ Oko Rẹ̀

Bí a bá bi àgbẹ̀ ilẹ̀ Ọ̀yọ́ tàbí ti Ìjẹ̀bú léèrè ibi tí oúnjẹ rẹ̀ ti ńwá, yíò na ọwọ́ sí oko rẹ̀. Bí a bá bi ọmọ Èkó àtijọ́ ní ìbéèrè kan náà, kò sí ibi tí yíò na ọwọ́ sí bíkòṣe omi. Erékùṣù náà kéré. Iyanrìn àti ẹrẹ̀ li ó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ rẹ̀. Iṣu kì í ta dáradára níbẹ̀. Síbẹ̀síbẹ̀ ìlú kékeré yìí di ọjà ńlá fún gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, ó sì jẹ́ olú-ìlú Nàìjíríà láti ọdún 1914 títí di ọdún 1991. Báwo li èyí ṣe rí bẹ́ẹ̀? Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú omi tí ó yí i ká. A ó sọ níhìnyìí ohun tí omi náà gbé wá, rere àti búburú, àti ọ̀rọ̀ tí ó kù sílẹ̀ fún àwa tí a wà láàyè láti rò.

Kí a kọ́kọ́ sọ ti ipò rẹ̀. Èkó wà nínú ọ̀sà ńlá tí ó nà lọ gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkun. Ìdó àti Ẹ̀bùté-Mẹ́ta wà ní àríwá rẹ̀, Àpápá wà ní ìwọ̀-oòrùn. Ní ìlà-oòrùn ni Ìkòyí wà, tí ó jẹ́ ilẹ̀ kan náà pẹ̀lú rẹ̀ kí ìjọba tó gbẹ́ odò láàrin àwọn méjèèjì ní ìgbà Gómìnà MacGregor; odò náà pẹ̀lú li a sì ti dí lẹ́hìn náà. Ní gúúsù ni erékùṣù tí a ńpè ní Victoria wà, lẹ́hìn rẹ̀ ni òkun.

Odò Ògùn ńti òkè wá dà sínú ọ̀sà yìí. Nígbà òjò omi odò a pọ̀, ọ̀sà a sì fẹ́rẹ̀ dùn lẹ́nu. Nígbà ẹ̀rùn omi òkun a wọlé, ọ̀sà a sì di oníyọ̀. Nítorí náà li oríṣiríṣi ẹja fi wà nínú rẹ̀, ti omi dídùn àti ti omi iyọ̀, olúkúlùkù li àkókò tirẹ̀. Ohun tí ó tún tóbi ju èyí lọ ni pé, ní apá etí òkun gígùn yìí, ẹnu-odò Èkó nìkan li ó ńṣí sí òkun tẹ̀ẹ̀rùn-tòjò. Ẹni tí ó bá di Èkó mú, òun li ó di kọ́kọ́rọ́ ọ̀sà mú.

Àwọn Àwórì li a mọ̀ ní onílẹ̀ àkọ́kọ́. Ìtàn wọn wípé láti Ìṣẹ́rí lẹ́bàá odò Ògùn ni nwọ́n ti wá pẹ̀lú Ọlọ́fin, tí nwọ́n gba Ẹ̀bùté-Mẹ́ta kọjá sí Ìdó, nítorí omi jẹ́ odi fún wọn li ọjọ́ ogun. Láti Ìdó ni Arómirẹ́ ti ńrékọjá sí erékùṣù láti pẹja àti láti gbin ata. Ibi oko ata náà li a kọ́ ààfin ọba sí lẹ́hìn ọ̀la, orúkọ Ìgá Ìdúngànràn sì ńrán wa létí rẹ̀ títí di òní. Irú-ọmọ àwọn tẹ̀dótẹ̀dó wọ̀nyí ni àwọn ìjòyè Ìdẹ́jọ onífìlà funfun, bíi Arómirẹ́, Olúwa, Olótó, Ojora àti Oníkòyí.

Lẹ́hìn wọn ni àwọn ọmọ-ogun Ìbíní dé, tí nwọ́n pàgọ́ síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ a máa wípé láti inú ọ̀rọ̀ wọn fún ibùdó ogun ni orúkọ Èkó ti jáde. Láti ìdílé Àṣípa àti ọmọ rẹ̀ Adó li àwọn ọba Èkó ti wá, nwọ́n sì ńsan ìsákọ́lẹ̀ fún Ọba Ìbíní fún ìgbà pípẹ́. Àwọn Potogí tí ó wá ṣòwò li ó fún ìlú náà li orúkọ Lagos. Kí òǹkàwé kíyèsí ohun kan, nítorí a ó tún padà sí i: ọba li ó ní adé, ṣùgbọ́n àwọn Ìdẹ́jọ li ó ní ilẹ̀.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ wọn ni ẹja pípa. Ọkùnrin a wa ọkọ̀ jáde li òru pẹ̀lú àjẹ̀ àti ọ̀pá, a da àwọ̀n, a dẹ ìgèrè, a sọ ìwọ̀. Obìnrin li ó ńgba ẹja li ẹ̀bùté, tí ó ńyan án lórí iná, tí ó sì ńtà á. Ọ̀bọ̀kún, ẹpìyà, ṣáwá, edé àti akàn li ó wọ́pọ̀ níbẹ̀. Àwọn Ègùn àti Ìlàjẹ pẹ̀lú wá bá wọn nínú iṣẹ́ yìí. Ẹja yíyan kì í tètè bàjẹ́, nítorí náà ó lè rin ọ̀nà jíjìn. Àwọn ará ilẹ̀ gbígbẹ sì ńkó iṣu, àgbàdo àti epo wá láti fi pààrọ̀ rẹ̀. Ọkọ̀ ńti Ìkòròdú, Ẹ̀pẹ́, Ẹ̀jìnrìn àti Àgbádárìgì wá gúnlẹ̀ sí Ẹ̀bùté-Èrò. Nípa báyìí ni Èkó fi ńkórè oko tí òun kò gbìn.

Ṣùgbọ́n omi tí ó gbé ẹja wá gbé ohun búburú wá pẹ̀lú, kò sì yẹ kí a fi í pamọ́. Ní ìgbà Ọba Akinṣẹ́mọ́yìn, ní nǹkan bí igba ọdún ó lé ní àádọ́rin sẹ́hìn, òwò ẹrú pẹ̀lú àwọn Potogí fi ẹsẹ̀ múlẹ̀. Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé ńwó, tí ogun sì gba gbogbo ilẹ̀ Yorùbá kan, a ńkó àwọn tí a mú li ẹrú wá sí ẹ̀bùté Èkó, a sì ńtà wọ́n lọ sí Bràsíìlì àti Kúbà, títí Èkó fi di èbúté ẹrú tí ó tóbi jù lọ li apá òkun yìí. Ìlú tí kò ní oko di ọlọ́rọ̀ nípa títa àwọn tí ó ní oko.

Li ọjọ́ 26 àti 27 oṣù Kejìlá, ọdún 1851, àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó, nwọ́n lé Ọba Kòsọ́kọ́ jáde, nwọ́n sì dá Akíntóyè padà sórí oyè. Li oṣù Kíní ọdún 1852 Akíntóyè fi ọwọ́ sí ìwé pé òwò ẹrú ti parí. Kì í ṣe àánú nìkan li ó mú àwọn Gẹ̀ẹ́sì wá. Nwọ́n ńfẹ́ ọ̀nà òwò epo àti èkùrọ́ pẹ̀lú. Bí ó ti wù kí ó rí, gba ẹnu-odò kan náà tí a ti ńkó ènìà lọ ni díẹ̀ nínú wọn àti àwọn ọmọ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í padà wálé. Àwọn Sàró ti Sìrà Líónù wá, nwọ́n mú ìwé kíkà àti iṣẹ́ akọ̀wé wá. Àwọn Àgùdà ti Bràsíìlì àti Kúbà wá, nwọ́n mú iṣẹ́ bíríkìlà, káfíńtà àti aránṣọ wá, àdúgbò wọn sì ni Pópó Àgùdà. Nígbà tí a ka ènìà li ọdún 1866, iye àwọn tí ó wà li Èkó jẹ́ 25,083.

Nísisìyí ni a padà sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Li ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ, ọdún 1861, nígbà tí ọkọ̀ ogun dúró li ọ̀sà, Ọba Dòsùnmú fi ọwọ́ sí ìwé tí ó fi Èkó lé ọwọ́ ọba obìnrin Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ìjòyè onífìlà funfun kò gbà á, nítorí ọba kò lè fi ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ tọrẹ. Ọ̀rọ̀ náà kò kú. Nígbà tí ìjọba gba ilẹ̀ kan li Àpápá, Amodu Tijani, Olóyè Olúwa, pe ìjọba lẹ́jọ́. Ẹjọ́ náà dé iwájú Ìgbìmọ̀ Ọba ní Lọ́ńdọ̀nù, Herbert Macaulay sì bá a lọ síbẹ̀ li ọdún 1920. Li ọdún 1921 ni a dá a láre: ìwé ọdún 1861 kò gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn onílẹ̀, ìjọba sì gbọ́dọ̀ san owó ilẹ̀ tí ó bá gbà.

Ní àkókò kan náà ni a ńtún ọ̀nà omi ṣe. Òkìtì iyanrìn kan wà lábẹ́ omi li ẹnu-odò, tí kò jẹ́ kí ọkọ̀ ńlá lè wọlé. A ní láti fi ọkọ̀ kékeré kó ẹrù lọ sí Forcados kí a tó rù ú sínú ọkọ̀ òkun. Li ọdún 1908 a bẹ̀rẹ̀ sí í to òkúta láti ìhà Abẹ́òkúta sínú òkun bí ògiri, láti fi ṣọ́ ẹnu-odò. Li ọdún 1914 ọkọ̀ ńlá ńwọlé. Reluwé ti dé Ìbàdàn li ọdún 1901, ọdún náà gan-an ni a parí afárá Carter tí ó so Èkó mọ́ Ìdó. A sì ṣí èbúté Àpápá fún ọkọ̀ ńlá li ọdún 1926. Nípa ọ̀nà wọ̀nyí ni kòkó àti èkùrọ́ ilẹ̀ wa fi jáde sí aiyé. Ṣùgbọ́n iyanrìn etí òkun wa a máa rìn láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn. Nígbà tí ògiri òkúta dá a dúró, ìhà ìwọ̀-oòrùn ńga sí i, ìhà ìlà-oòrùn kò sì rí iyanrìn gbà mọ́. Òkun bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ etí òkun Victoria. Ohun tí a fi gba ọkọ̀ là li ó fi ilẹ̀ sínú ewu.

Bí òwò ti ńpọ̀ ni ènìà ńpọ̀, ilẹ̀ kò sì gùn sí i. Li ọdún 1924 àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ńgbé kiri bẹ́ sílẹ̀ nínú àwọn ilé tí ó há mọ́ra. Li ọdún 1928 ìjọba dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ láti tún ìlú ṣe, láti máa dí àbàtà. Láti ọdún 1955 a wó ọ̀pọ̀ ilé láàrin ìgboro, a sì kó àwọn onílé lọ sí Sùúrùlérè. Ilé tuntun náà dára, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ obìnrin tí ńtajà li ẹnu ọ̀nà ilé wọn pàdánù oníbàárà wọn. Li oṣù Keje ọdún 1990, ọdún tí a parí afárá ọ̀sà tí ó gùn ju kìlómítà 11 lọ, ìjọba ológun wó Màrókò lẹ́bàá erékùṣù Victoria; iye àwọn tí ó di aláìnílé li a fojú dá sí 300,000. Láti nǹkan bí ọdún 2009 ni a sì ti ńkó iyanrìn dí òkun níbi tí ó ti jẹ ilẹ̀, láti kọ́ ìlú tí a ńpè ní Eko Atlantic. Ní Lẹ́kí ni a ṣí èbúté tuntun sí li ọdún 2023.

Ẹ̀kọ́ méjì li a rí kọ́. Èkíní ni pé omi kì í gbàgbé: bí a bá dí i níhìn, yíò wá ọ̀nà lọ́hùn-ún. Èkejì ni èyí tí àwọn Ìdẹ́jọ ti mọ̀ kí a tó kọ ìwé kankan: ẹni tí agbára wà lọ́wọ́ rẹ̀ kọ́ li ó ní ilẹ̀. Apẹja tí ó ńda àwọ̀n rẹ̀ lábẹ́ afárá li òwúrọ̀ òní ńkórè nínú oko bàbá rẹ̀. Ó yẹ kí àwọn tí ńwọn ilẹ̀, tí wọ́n sì ńkó iyanrìn, kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ibi tí ààlà oko náà wà.