LỌ́ŃDỌ̀NÙ SÍ ÈKÓ LÓRÍ ALÙPÙPÙ: Ẹ̀YIN ARÁ BARUWA, Ẹ FI ṢE ÀRÍKỌ́GBỌ́N!

Bí ọmọkùnrin yín bá wọlé lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, tó ní, "Ìyá mi, lọ́la mo fẹ́ fi alùpùpù ńlá mi lọ síbi ìsọmọlórúkọ ní Ìlọrin, màá sì padà sí Baruwa lọ́jọ́ náà," kí lẹ máa wí? Àdúrà nìkan kọ́ lọ̀rọ̀ yìí ń fẹ́. Ó ń fẹ́ ìṣirò.

Akọni tó ti Lọ́ńdọ̀nù dé

Ẹ gbọ́ ti Kúnlé Adéyanjú, ọmọ ẹgbẹ́ Rotary l'Ékòó. Lọ́jọ́ 19, oṣù kẹrin, ọdún 2022, ó gun alùpùpù ní Lọ́ńdọ̀nù, ó dojú kọ ilé. Ó la ilẹ̀ Faransé àti Sípéènì kọjá, ó wọ Mòrókò, ó la aṣálẹ̀ Sàhárà já. Lọ́jọ́ 29, oṣù karùn-ún, ó gúnlẹ̀ s'Ékòó. Ìjà tí wọ́n ń bá àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ jà ló tìtorí ẹ̀ rin ìrìn náà.

Ẹ wá bá wa ṣírò ẹ̀. Ọ̀nà náà tó bíi 12,000 kìlómítà, ó sì lo ọjọ́ 41. Bá a bá pín in, kò tó 300 kìlómítà lójúmọ́ kan. Èkó sí Ìlọrin nìyẹn, àlọ nìkan! Akọni tí gbogbo ayé ń kan sáárá sí rèé o. Ọmọ tiwa wá fẹ́ lọ, kó jẹun, kó tún bọ̀, lọ́jọ́ kan ṣoṣo!

Lóòótọ́, ẹgbẹ́ kan wà l'Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Iron Butt Association. Wọ́n dá a sílẹ̀ lọ́dún 1984, orúkọ wọn sì ń sọ pé ìdí irin làwọn ní! Ẹni tó bá fẹ́ gba ìwé ẹ̀rí wọn á rin 1,000 máìlì, bíi 1,600 kìlómítà, láàárín wákàtí 24, á sì kó rìsíìtì epo jọ ṣe ẹ̀rí. Àmọ́ títì tiwọn kọ́ ni tiwa. Síbẹ̀ náà, àwọn gan-an ló ń kìlọ̀ pé bí oorun bá dé, kéèyàn dúró kó sùn.

Ìjókòó tó ń tanni jẹ

Alùpùpù tí wọ́n ń pè ní cruiser, ìjókòó ẹ̀ wà nísàlẹ̀, ẹsẹ̀ á nà síwájú, bí ẹni jókòó sórí àga ìgbafẹ́. Ibẹ̀ ni ẹ̀tàn wà. Bí táyà bá já sí kòtò, ẹsẹ̀ tó wà níwájú ò jẹ́ kó rọrùn láti gbé ìdí sókè, ẹ̀yìn ló ń gba gbogbo ẹ̀. Atẹ́gùn ń gbá àyà, apá ń fà. Ọ̀pọ̀ wọn ló sì wúwo ju 200 kìlógíráàmù lọ. Kì í ṣe ohun téèyàn ń gbé dìde bí ọ̀kadà.

Láti Baruwa dé Ìlọrin, àlọ àtàbọ̀ jẹ́ bíi 600 kìlómítà. Bó bá ń rí 60 rìn ní wákàtí kan, wákàtí mẹ́wàá gbáko ni. Bó bá kúrò nílé laago márùn-ún ìdájí, tó lo wákàtí mẹ́ta níbi àwẹ̀jẹ-wẹ̀mu, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ló máa wọlé, bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ò bá dá a dúró. Ta ló rí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ rí?

Àbọ̀ ló léwu jù. Iyán ti wà níkùn, oòrùn ti pa á, ara ti rẹ̀ ẹ́. Ẹni tó ń sáré 80 kìlómítà ní wákàtí kan, bó bá tòògbé fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta péré, alùpùpù ti gbé e lọ bíi mítà 66 láìsẹ́ni tó ń darí ẹ̀. Bí tírélà bá wà níwájú ńkọ́?

Ohun tẹ́ ẹ máa sọ fún un

Kó yẹ táyà àti bíréèkì wò lálẹ́ àná ìrìn àjò. Kó máa sọ̀kalẹ̀ ní wákàtí kan àbọ̀ síra, kó nara, kó mu omi. Kó dé akoto gidi. Ẹ rántí oṣù kìíní, ọdún 2009, nígbà táwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ń mú ọlọ́kadà tí kò dé akoto, táwọn kan ń fi igbá àti ike ọ̀dà dérí. A rẹ́rìn-ín nígbà yẹn, ṣùgbọ́n títì ò mọ àwàdà.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù: kó sùn sí Ìlọrin. Ẹ̀yin ìyá àti ìyàwó, ẹ má fi "Ṣé o ò tíì máa bọ̀ ni?" lé e léré lórí fóònù. Ẹ sọ fún un pé ilé ò ní sá lọ, ẹní kan ò wọ́n nílé ẹbí. Ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tá a bá fagbára mú ní í le koko.

Ẹ̀yin tó ti fi alùpùpù rin ọ̀nà jíjìn rí, kí lojú yín rí? Ẹ kọ̀wé sí wa.